Bí Ẹgbẹ́ Ajáwọ́-Ọtí Bá Sú Ọ: Ṣe àti Má Ṣe

Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ, wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà fóònù, o sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní báyìí, ẹ̀rí kan náà ni wọ́n ń jẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Alága ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ jáwọ́ láyé. Ohun tí o fi omijé sọ níbẹ̀ ti dé etí àna rẹ. Ìpàdé ti wá sú ọ.

Tí o bá ń gbé ní Ìperindó, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Atakúmọ́sà, ó lè tètè sú ọ ju ẹni tó ń gbé Èkó lọ. Níhìn-ín, ẹni tí ẹ jọ jókòó sípàdé ni ẹ óò tún jọ pàdé lọ́jà, lóko kòkó, níbi ìwakùsà wúrà àti níbi òkú àgbà. Àwọn ìmọ̀ràn yìí kò wá bá ẹgbẹ́ jà, wọn kò sì wá lé ọ padà síbẹ̀. Ìjáwọ́ ni ohun tí o ń wá. Ẹgbẹ́ kàn jẹ́ ọ̀nà tí o gbà ni. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, a máa ń gba ibòmíràn ni, a kì í torí rẹ̀ pa ìrìn-àjò tì.

KÍ O TÓ DÌDE KÚRÒ LÁÀÁRÍN WỌN

Ṣe ìwádìí ohun tó sú ọ gan-an. Mú bíró, kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ènìyàn kan ni, àbí ẹ̀kọ́ wọn? Ṣé owó ni, àbí òfófó? Bí ó bá jẹ́ ènìyàn kan, wá ìpàdé tí ẹni náà kì í dé. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ẹ ti ń péjọ, ẹ lè ṣí kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ gbogbo rẹ̀ tán, tí o rí i pé ọjọ́ tí òǹgbẹ ọtí ń gbẹ ọ́ jù lọ ni inú máa ń bí ọ sí alága jù lọ, a jẹ́ pé kì í ṣe alága ni ìṣòro rẹ. Ọtí ló ń pè ọ́ padà, ó sì ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

Má ṣe fi ẹgbẹ́ àti ìjáwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó fi ìbínú jáde nípàdé, tó gba ojú ìsọ̀ alápàràga kọjá, kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìwọ lo máa mu ún, ìwọ ni orí yóò fọ́. Alága tó bí ọ nínú yóò ti sùn lọ nílé rẹ̀.

Ṣe ìṣirò ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni Alcoholics Anonymous, tí gbogbo ayé ń pè ní AA. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà 1935 ni wọ́n kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀, nílùú Akron ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ni Bill Wilson, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ọjà ìpín ìdókòwò, àti Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí àjọ Cochrane, tó máa ń ṣàtúpalẹ̀ ìwádìí lórí ìlera, kó iṣẹ́ ìwádìí 27 jọ, tó kan ènìyàn 10,565. Wọ́n rí i pé nínú 100 ènìyàn tí wọ́n fi ètò ìtọ́jú mú wọ ọ̀nà AA, nǹkan bí 42 ni kò fẹnu kan ọtí nígbà tí ọdún yípo. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba irú ìtọ́jú mìíràn, nǹkan bí 35 ni. Ẹgbẹ́ ń ṣiṣẹ́, nígbà náà, ju bí àwọn ẹlẹ́gàn rẹ̀ ṣe ń wí lọ. Àmọ́ níbi tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa pàápàá, àwọn tí kò rí i ṣe pátápátá lé ní ìdajì. Tí wọ́n bá wá sọ fún ọ pé ọ̀nà àwọn kì í kùnà, àfi bí ènìyàn bá jẹ́ aláìṣòótọ́, ìṣirò yẹn kò gbè wọ́n.

Ṣe ìpín ọ̀rọ̀ rẹ sí méjì. AA ṣe òfin pé kí a má dárúkọ ọmọ ẹgbẹ́ níta, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í lo orúkọ bàbá ẹni nípàdé. Òfin yìí dára ní ìlú ńlá. Ní Ìperindó, kí o tó la ẹnu, wọ́n ti mọ agbolé rẹ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan wà tó bá gbogbo ìpàdé mu: bí o ṣe gba ọjọ́ owó kọjá láìmu, ohun tó fẹ́ ti ọ́ ṣubú, ohun tó gbà ọ́. Ọ̀rọ̀ kejì ni èyí tó kan orúkọ ìyàwó rẹ, gbèsè rẹ, tàbí ohun tí o ṣe nígbà tí o yó. Sọ ìyẹn fún ẹnì kan ṣoṣo tí o ti dán wò, tàbí fún dókítà. Bí o bá fẹ́ ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ìpàdé orí fóònù ti pọ̀ gan-an láti ìgbà àrùn Kòrónà lọ́dún 2020.

Ṣe ìbéèrè nípa owó. AA kì í bu owó ẹgbẹ́ lé ẹnikẹ́ni. Igbá ni wọ́n ń gbé yípo, ẹni tó bá ní á fi sí i. Wọn kì í sì í gba ọrẹ lọ́wọ́ ará ìta. Ìlànà yìí wà lára méjìlá tí wọ́n fọwọ́ sí ní àpéjọ ńlá wọn ní Cleveland lọ́dún 1950. Bí ẹgbẹ́ tìrẹ bá ń gba owó ìwọlé, owó aṣọ ẹgbẹ́ àti owó ọjọ́ ìbí alága, ní kí wọ́n ka ìwé owó síta. Àjọ dára, èsúsú dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹgbẹ́ lówó kò ní lè wá síbẹ̀ wá jẹ́wọ́ pé òun mutí lánàá.

Má ṣe jókòó ti olórí tó ti sọ ara rẹ̀ di ọba. Lọ́dún 1958, Charles Dederich, ẹni tó ti wà nínú AA, dá Synanon sílẹ̀ ní Kalifọ́níà láti gba àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún là. Ayé yìn ín. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ pé kí tọkọtaya kọ ara wọn sílẹ̀, kí àwọn ọkùnrin sì lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọn kò fi ní bímọ mọ́. Lọ́dún 1978, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ejò olóró sínú àpótí lẹ́tà lọ́ọ́yà kan, Paul Morantz, tó bá wọn ṣẹjọ́. Ejò náà bù ú jẹ, díẹ̀ ló kù kó kú. Nígbà tí ọlọ́pàá wá mú Dederich lóṣù Kejìlá ọdún náà, ó ti mutí yó. Olórí tìrẹ lè má dé ibẹ̀ láé. Síbẹ̀, bí ó bá ń sọ ẹni tí o lè fẹ́, tó ń fi ohun tí o jẹ́wọ́ halẹ̀ mọ́ ọ, tàbí tó ní ẹni tó bá kúrò lábẹ́ òun yóò kú sínú gọ́tà, má dúró gbọ́ ìyókù.

Ṣe ìṣọ́ra bí o bá jẹ́ obìnrin. Jean Kirkpatrick dá Women for Sobriety sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975. Ó ti gbìyànjú AA, ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ tó ní kí ọ̀mùtí rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kò wúlò púpọ̀ fún obìnrin tí ayé ti rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, wọn a máa fi ọkùnrin tó ń mutí ṣẹ̀fẹ̀. Obìnrin tó ń mu ún, èébú ni wọ́n ń bú u. Má gbà kí ọkùnrin kan ṣoṣo máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ̀ ọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ ṣì ń gbọ̀n mọ ohun tó ń ṣe. Kúrò níbẹ̀, o kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Obìnrin méjì tó ń pe ara wọn lálaalẹ́, ẹgbẹ́ ni.

Má ṣe gbọ́ ti ẹni tó ní kí o da oògùn dókítà nù. Ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ni ìsọjí ńlá Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1930. Ìgbàgbọ́ nínú ìwòsàn láìlo oògùn lágbára nínú ìsọjí náà débi pé, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, kíníìnì tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lò sí ibà wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọ, tí apá kan fi ya lọ di Christ Apostolic Church. Ogún yẹn ṣì wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kò yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá wo tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ bí àìnígbàgbọ́. Bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ rẹ̀, kí o sì lo oògùn rẹ. AA fúnra rẹ̀ tẹ ìwé pélébé kan jáde lọ́dún 1984 tó kìlọ̀ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má sọ ara rẹ̀ di dókítà ẹlòmíràn. Oògùn tó ń ran ajáwọ́ lọ́wọ́ wà: disulfiram, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1951, naltrexone, tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọ̀rọ̀ ọtí lọ́dún 1994, acamprosate náà wà. Dókítà ló máa sọ èyí tó bá ara rẹ mu, pàápàá bí ẹ̀dọ̀ rẹ bá ti ń ṣàárẹ̀.

LẸ́YÌN TÍ O BÁ TI JÁDE

Ṣe ìdágbére bí ọmọlúàbí. Sọ fún ẹnì kan tó ní ìmọ̀lára níbẹ̀ pé o ń lọ, kí o dúpẹ́ fún ọjọ́ tí wọ́n gbà ọ́ mọ́ra. Má ṣe bú wọn jáde. Ó lè di oṣù mẹ́fà kí o tún nílò ìjókòó náà, ẹni tó bá sì fi ẹnu rere jáde kì í fi ìtìjú padà wọlé.

Má ṣe tú àṣírí àwọn tí o fi sílẹ̀. Ìwọ lo kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò kúrò ní ìkáwọ́ rẹ. Bí òfófó bá wà lára ohun tó lé ọ jáde, ìwọ náà má ṣe di olófòófó. Ọmọ ẹni tó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé bàbá òun ń lu ìyá òun lè jẹ́ ẹni tí ọmọ tìrẹ yóò fẹ́ lọ́la.

Ṣe ètò fún wákàtí tó ṣófo. Bí ìpàdé bá ń wáyé lálẹ́ Ọjọ́rú, alẹ́ Ọjọ́rú ti di tìrẹ báyìí, ọtí sì mọ̀ ọ́n. Fi nǹkan tó ní ẹlẹ́rìí sí i: bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ akọrin, kíláàsì kéwú, ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tí kì í mu. Ọjọ́ owó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú wúrà ni Ìperindó: ibi ìwakùsà Ṣẹ̀gilọlá tó wà nítòsí yọ wúrà àkọ́kọ́ lóṣù Keje 2021, àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì àti ọpọ́n wá a sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó gba owó ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ẹ̀yìn ń ro, tí alápàràga sì wà lójú ọ̀nà, kò nílò ọ̀tá kankan mọ́. Jẹ́ kí alájọ tàbí ìyàwó rẹ gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà kí oòrùn tó wọ̀.

Má ṣe dán mímu díẹ̀díẹ̀ wò láti fi hàn pé wọ́n ṣì í. Bí ẹgbẹ́ bá tiẹ̀ parọ́ nípa nǹkan mẹ́wàá, ìyẹn kò sọ pé ara rẹ ti gba ìgò kan ṣoṣo. Audrey Kishline, ará Amẹ́ríkà, sọ pé AA kò bá òun mu. Lọ́dún 1994 ó dá Moderation Management sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ máa mu níwọ̀n. Lóṣù Kìíní 2000 ó kéde pé òun fẹ́ jáwọ́ pátápátá. Lóṣù Kẹta ọdún kan náà, ó mutí yó, ó wakọ̀ gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì pa bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ó lọ sẹ́wọ̀n. Ètò tó dá sílẹ̀ náà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn tí ọtí kò tíì di bárakú fún ni òun wà fún. Bí ọtí bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ rí, tàbí tó ti gbé ọ dé ilé ìwòsàn rí, ìwọ kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Má ṣe dá ọtí dúró lójijì nílé bí o bá ti padà sí ìdí rẹ̀ gidi. Àwọn ẹgbẹ́ kan kì í sọ èyí tó, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹni tó ń mu lójoojúmọ́, tó wá dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín wákàtí díẹ̀, kó máa làágùn, kí oorun dá. Gìrì tó dà bíi wárápá lè gbé e láàárín wákàtí 48. Láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin, ó lè máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, kó máa sọ kántankàntan, kí ara rẹ̀ gbóná. Wọn a ní ọ̀tá ló ń bá a jà. Ọtí tó kúrò lára rẹ̀ lójijì ni, ó sì lè pa á. Gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá: Wesley Guild, tó jẹ́ ẹ̀ka OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà ní Iléṣà nítòsí wa. Oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ àti fítámì B1 wà tí wọ́n á lò fún un, kí ọpọlọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Fún ìtọ́jú tó jinlẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka fún àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún. Ibẹ̀ ni dókítà ọpọlọ nì, Thomas Adéoyè Lámbo, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1954, tó ní kí aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ jọ máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, nítorí ó mọ̀ pé ìwòsàn kì í yá lẹ́yìn ẹbí.

Má ṣe fi àgbo ọlọ́tí tan ara rẹ. Paraga tí wọ́n pè ní oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ọtí ni. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ọtí ni. Èyí tí wọ́n ní ó ń fún ọkùnrin lágbára, ọtí ni. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò inú rẹ̀. Bí o bá ń lo disulfiram, ẹnu kan péré lè mú kí ojú rẹ pọ́n, kí àyà rẹ máa já, kí o máa bì. Jẹ̀díjẹ̀dí ní oògùn tí wọ́n fi omi lásán ṣe. Béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá alágbo.

Ṣe ọ̀rẹ́ pẹ̀lú àwọn tí kì í mutí rárá. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀mùtí àtijọ́ nìkan ni yóò yí ọ ká. Mùsùlùmí tó dúró ti ẹ̀sìn rẹ̀ kì í mu. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Pọ́tó-Nófò lọ́dún 1947, fi ọtí ṣe èèwọ̀. Àwọn ọmọ Ọbàtálá kì í tọ́ ẹmu wò, nítorí ohun tí ẹmu fi ojú òrìṣà náà rí nígbà ìṣẹ̀dá. Àwùjọ wọ̀nyí ti wà kí AA tó dé etí wa. Ṣùgbọ́n mọ èyí pẹ̀lú: níbi tí mímu bá ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó bá ṣubú máa ń fi pamọ́ ni. Lọ bá wọn nítorí pé ọtí kò sí nílé wọn. Fún ọjọ́ tí o bá kọsẹ̀, ní ẹlòmíràn tí o lè sọ ọ́ fún.

Ṣe ìmúrasílẹ̀ fún òde. A ò lè sá fún ayẹyẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọtí kò sì jìnnà sí wa. Iléṣà ni wọ́n ti ń pọn bíà Trophy: ọdún 1971 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ International Breweries sílẹ̀, lábẹ́ ìdarí oníṣòwò ọmọ Ìjẹ̀ṣà nì, Lawrence Omole, bíà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1978. Tètè dé òde, tètè kúrò. Di ìgò máàtì tìrẹ mú, kí ọwọ́ rẹ má ṣófo. Níbi ìdána, jẹ́ kí àbúrò rẹ gba ife tí àwọn àgbà ń gbé yípo. Bí bàbá kan bá tẹnu mọ́ ọn, má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìgbé ayé rẹ. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, kí o ní: “Ẹ má bínú sí mi, bàbá, ó ti di èèwọ̀ mi.” Yorùbá lè bá ènìyàn jiyàn lórí ohunkóhun, a kì í jiyàn lórí èèwọ̀ ẹni.

Má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ẹgbẹ́. Kò sí ìpàdé tó lè dá borí ọtí inú ọ̀rá tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Lóṣù Kejìlá 2018, àjọ NAFDAC tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera àti àwọn tó ń ṣe ọtí, fọwọ́ sí àdéhùn pé ọtí inú ọ̀rá àti inú ìgò tó kéré sí mílílítà 200 yóò ti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí oṣù Kìíní 2024 bá fi parí. Nígbà tí NAFDAC fẹ́ fi ipá mú un lóṣù Kejì 2024, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọtí yarí, àwọn aṣòfin dá sí i, ó sì di fàá-ká-já. Bí ìsọ̀ ọlọ́tí kan bá wà lójú ọ̀nà rẹ, yí ọ̀nà padà. Bí gbogbo ọ̀nà bá ní ìsọ̀, má fi owó ẹyọ sápò.

Má ṣe ka ọjọ́ rẹ sí òfo nítorí ìṣubú kan. Ẹgbẹ́ míràn a ní kí ẹni tó mu lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ padà sí ọjọ́ kìíní, níwájú gbogbo ènìyàn. Ìtìjú yìí lé ọ̀pọ̀ jáde, ó sì sọ ìgò kan di páálí kan. Oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀dọ̀ rẹ fi sinmi, tí ọmọ rẹ fi jẹun, kò lọ ibì kankan. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ: níbo ni mo wà, ta ni mo bá wà, kí ni mo ń gbà lérò? Tún ibẹ̀ ṣe, kí o máa bá a lọ.

Ṣe ẹgbẹ́ kékeré tìrẹ. Ẹni tí ẹgbẹ́ sú kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Òun ló sábà máa ń tún ẹgbẹ́ ṣe. Jim Burwell, tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, wà lára àwọn ará ìbẹ̀rẹ̀ AA. Ariyànjiyàn òun àti àwọn bíi tirẹ̀ ló jẹ́ kí ìwé ńlá AA ti ọdún 1939 fi àyè gba kálukú láti pe Ọlọ́run bí ó bá ṣe yé e. SMART Recovery, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sí ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá, ó ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe bá èrò ọkàn rẹ̀ jà. Ènìyàn méjì ló bẹ̀rẹ̀ AA, nítorí náà ènìyàn mẹ́ta pọ̀ tó ní Ìperindó. Ẹ fi wákàtí kan mọ. Ẹ máa pààrọ̀ ẹni tó ń darí. Ẹ má gba owó. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kó gbà á, ẹni tí kò fẹ́ kó jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má dá sí oògùn ẹnìkejì. Ẹni tó bá mu ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bú u. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá wa délé.

FÚN Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ

Ẹ má ṣe fi ipá dá a padà sípàdé. Lọ́dún 1996, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York dájọ́ pé ìjọba kò lè fi àǹfààní ẹlẹ́wọ̀n tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ du ú nítorí pé kò lọ sí ètò tó dúró lórí ọ̀nà AA. Bí ìjọba kò bá lè fi ipá mú ẹlẹ́wọ̀n, kí ni ti ọkọ tàbí ọmọ yín? Ẹ má béèrè pé, “Ṣé o lọ sípàdé?” Ẹ béèrè pé, “Báwo ni ara?” Ẹ má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìwòsàn. Àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch rí irú ibẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2019.

Ẹ ṣe ìtọ́jú ara yín náà. Lois, ìyàwó Bill Wilson, wà lára àwọn tó dá Al-Anon sílẹ̀ lọ́dún 1951 fún àwọn ẹbí ọ̀mùtí, nítorí wọ́n rí i pé ilé tí ọtí wọ̀ kì í ba ẹnì kan ṣoṣo jẹ́. Ìyá tí kò sùn fún ọdún mẹ́ta nílò ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀, bóyá ọmọ rẹ̀ ń lọ sípàdé tàbí kò lọ.

Ẹgbẹ́ tó bá ń ràn ọ́ lọ́wọ́, dúró tì í. Èyí tó bá ń pa ọ́ lára, kúrò níbẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ìjáwọ́ rẹ kò gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lo máa ṣe lónìí nínú gbogbo èyí, kí ilẹ̀ tó ṣú, pe ẹnì kan tó fẹ́ràn rẹ, kí o sọ fún un pé ìpàdé ti sú ọ, ṣùgbọ́n o kò tíì mu.